Ojú ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ìtàn Andrew Foster, Adití Tí Ó Kọ́ Adití

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ohun tí a sábà máa ń ní lọ́kàn ni pé kí a má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, kí a dúró dè é, kí a sì wò ó lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà láàárín wa tí òwe yìí kì í ṣe òwe lásán fún. Òótọ́ pọ́ńbélé ni fún wọn, nítorí pé ojú ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn adití ni mo ń wí.

Ìtàn àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn òǹkọ̀wé ni a máa ń kà jù nínú ìwé àtọdúndọ́dún bí irú èyí. Ìtàn tí èmi fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá, tí kò sì fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo títí ó fi kú. Síbẹ̀, ìlú Ìbàdàn wa yìí wà lára àwọn ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀. Andrew Jackson Foster ni orúkọ rẹ̀. Láàárín àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà, orúkọ ńlá ni. Láàárín àwa tí a ń fi etí gbọ́ràn, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1925 ni wọ́n bí Foster ní Ensley, ní ìlú Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wíwa èédú nínú ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ènìyàn dúdú ni wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ní Alabama ní ayé ìgbà náà. Òfin ni ó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun: ilé-ìwé wọn yàtọ̀, ibi tí wọn ń jókòó sí nínú ọkọ̀ yàtọ̀, ẹ̀rọ omi tí wọn ti ń mu omi pàápàá yàtọ̀. Ọmọ dúdú tí etí rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ pé, tí ó wá sáyé ní irú ibẹ̀, ẹrù tí ó bá nílẹ̀ ti tó o gbé.

Ní ọdún 1936, nígbà tí Foster jẹ́ ọmọ ọdún 11, àrùn lọ́rùnlọ́rùn kọ lu òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan lọ́kùnrin. Ikú yẹ̀ lórí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àrùn náà gba etí wọn lọ. Báyìí ni ẹrù fi gori ẹrù: ọmọ dúdú tún di adití.

Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn adití dúdú ní Talladega, ní ìpínlẹ̀ Alabama kan náà. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé náà ní òpin. Kíláàsì kẹfà ni ẹ̀kọ́ parí sí fún adití tí ó bá jẹ́ dúdú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá ibi gbà.

Bí ó ṣe wá ìwé kiri

Foster wá ibi gbà lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1942, ó kó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní àríwá. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń wá òṣìṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kàwé lóru. Lára ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Chicago máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ẹ̀kọ́ tí ó bá inú ìwé wọlé kò béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ràn tàbí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wo àwọ̀ ara rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Washington tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn adití ní ọdún 1864, nígbà tí Abraham Lincoln jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Gallaudet ni orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Foster fẹ́ lọ. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún kọ̀wé, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé, àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá wọn lára mu. Ní ọdún 1951, wọ́n gbà á, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọdún mẹ́ta péré ni ó fi parí, ó sì gba oyè B.A. nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954. Òun ni adití dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè B.A. ní Gallaudet, àádọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò lè fò níbí. Nínú ọgbà Gallaudet kan náà ni ilé-ìwé àwọn ọmọdé adití kan wà, Kendall ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún tí Foster wọ Gallaudet, àwọn ọmọ dúdú ìlú Washington tí wọ́n jẹ́ adití kò lè wọ Kendall. Wọ́n ń kó wọn lọ sí Baltimore, ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí wọ́n tó rí ìwé kà. Ní ọdún 1952, ìyá ọmọ kan, Louise Miller, pẹ̀lú àwọn òbí mìíràn, gbé àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò gba àwọn ọmọ náà, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Ọdún 1954 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà tó sọ pé kíkó ọmọ dúdú sọ́tọ̀ lòdì sí òfin. Ní ọdún 2023, Gallaudet tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà, ó sì fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi dù wọ́n. Nítorí náà, bí Foster ti ń rìn nínú ọgbà yẹn lójoojúmọ́, ó ń fojú ara rẹ̀ rí i pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún ẹnì kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣí fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Foster kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1955 ó gba oyè kejì ní Michigan lórí ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní ọdún 1956 ó tún gba oyè mìíràn lórí iṣẹ́ ìhìnrere ní Seattle. Ẹni tí ó ní irú ìwé-ẹ̀rí báyìí lè wá iṣẹ́ olówó sí Amẹ́ríkà, kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1956 kan náà, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó àwọn adití Áfíríkà. Kì í ṣe ìjọba ni ó rán an. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń san owó oṣù fún un. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni.

Bí ó ṣe dé Áfíríkà

Ní ọdún 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira, Foster gúnlẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó kọ́kọ́ kan Làìbéríà, lẹ́yìn náà ó dé Accra. A gbọ́ pé nígbà tí ó ń béèrè àwọn ọmọ adití, àwọn kan dá a lóhùn pé kò sí irú wọn níbẹ̀. Bóyá àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ọmọ adití wà nínú ilé, ó wà ní oko, ó wà lẹ́yìn ààrò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í mú un jáde, nítorí pé kò sí ibi tí wọn yóò mú un lọ.

Kí ni Foster ṣe? Ó tọrọ yàrá ìkàwé lọ́wọ́ ilé-ìwé kan ní Accra. Bí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn bá ti parí ẹ̀kọ́ wọn, tí wọ́n sì ti lọ sílé, nígbà náà ni àwọn adití yóò wọlé. Yorùbá ní bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a sì ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Kò pẹ́ tí yàrá àwìn yẹn fi kéré jù. Ní ọdún 1959, ilé-ìwé náà kó lọ sí Mampong, lórí òkè Akuapem, àwọn ọmọ sì ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba Gánà gba ilé-ìwé náà sọ́wọ́.

Ní ọdún 1959 yìí kan náà, ó lọ sí ìpàdé àgbáyé àwọn adití ní Wiesbaden, ní ilẹ̀ Jámánì. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Berta Zuther, ọmọbìnrin Jámánì kan tí òun náà jẹ́ adití. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1961, Ọlọ́run sì fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ rántí pé ní Alabama tí wọ́n ti bí Foster, ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba ni kí dúdú àti funfun fẹ́ra wọn nígbà náà. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tó wọ́gi lé irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ìbàdàn

Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira tiwa, Foster dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Kàdúná àti ní Enugu. Kí a lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan ti rí ní ilé wa.

Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bàbá kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Odi. Bàbá yìí mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó mọ owó kà, ó sì mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọjọ́ tí ó kú ni mo tó mọ̀ pé ó ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwa tí a ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, tí a ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, àwa náà ni a ń gba orúkọ lọ́wọ́ adití, tí a ń fi àbùkù ara rẹ̀ pè é. Nínú ilé-ìwé tí Foster dá sílẹ̀, ohun mìíràn ni ó ń ṣẹlẹ̀. Àṣà àwọn adití ni pé kí wọ́n fún ara wọn ní orúkọ tí a ń fi ọwọ́ pè. Ọmọ tí ó ti ń jẹ́ Odi láti kékeré yóò dé ibẹ̀, yóò rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì gba orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ lè fi ojú gbọ́.

Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ pẹ̀lú yẹ kí a sọ ọ́. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití ṣe ìpàdé ní Milan, ní ilẹ̀ Ítálì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a fi máa kọ́ adití, kí a má ṣe lo ọwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-ìwé púpọ̀ káàkiri ayé ni ó tẹ̀ lé ìpinnu yìí. Ọmọ yóò jókòó, yóò máa wo ètè olùkọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, bí ó bá sì gbé ọwọ́ sókè láti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáwí ni. Ọdún 2010 ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ tó jókòó ní Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n sì kọ ìpinnu Milan sílẹ̀. Foster kò dúró de ìpinnu Vancouver. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń lo ọwọ́, ó ń lo ẹnu, ó ń lo ìwé, ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti lè mú òye wọ inú ọmọ. Adití ni òun náà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọwọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

Kò sì yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa tí a ń fi ìlù dùndún kí ọba, tí a ń di àrokò ránṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí yóò tú u tí yóò sì mọ ohun tí a ń wí, a ti mọ̀ láti ayébáyé pé ẹnu nìkan kọ́ ni a fi ń sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó fi sílẹ̀

Láti Gánà àti Nàìjíríà, iṣẹ́ náà tàn dé Tógò, Bẹ̀nẹ̀, Chad, Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti àwọn ibòmíràn. Kí ó tó kú, ilé-ìwé tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 10. Ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, ó mú èdè ọwọ́ tí ó ń lò bá Faransé kíkọ mu. Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí ó ti ń kó àwọn olùkọ́ jọ láti ilẹ̀ Faransé wọ̀nyí, tí ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ti kọ́ ẹlòmíràn. Owó tí ó fi ń ṣe gbogbo èyí, ọwọ́ àwọn ọlọ́rẹ ni ó ti ń tọrọ rẹ̀. Yóò lo oṣù díẹ̀ ní Áfíríkà, yóò padà sí Amẹ́ríkà lọ bẹ àwọn ìjọ, yóò sì tún gbéra.

Ní èrò tèmi, ibí yìí ni ìtàn rẹ̀ ti wúlò jù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń ti òkè òkun wá yọ̀ǹda ara wọn fún ilé-ìwé àwọn aláàbọ̀ ara kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni rere ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọn yóò kun ilé, wọn yóò pín aṣọ, wọn yóò bá àwọn ọmọ ṣeré, wọn yóò sì lọ. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé, nígbà tí wọ́n bá lọ tán, ta ni ó kù nínú yàrá ìkàwé? Níti Foster, àwọn adití tí ó kọ́ ni ó kù. Ó gbé ẹfun lé wọn lọ́wọ́, ó fi wọ́n ṣe olùkọ́, ó sì fa ilé-ìwé lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọmọ adití tí ó rí olùkọ́ tí ó jẹ́ adití bíi tirẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá kan kí olùkọ́ náà tó kọ ohunkóhun sójú pátákó.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí nígbà kan ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 1816, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Laurent Clerc, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òun àti Thomas Gallaudet dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Hartford. Láti inú èdè ọwọ́ tí Clerc gbé lọ àti èyí tí ó bá níbẹ̀ ni èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ti dàgbà. Ohun tí àlejò kan gbé wá ni Foster tún gbé kọjá òkun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí

Ìtàn ẹni ńlá kì í ṣe oríkì lásán, ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Èdè ọwọ́ tí Foster kọ́ wọn, ti Amẹ́ríkà ni. Láti inú rẹ̀ ni èdè ọwọ́ Gánà àti ti Nàìjíríà tí wọn ń lò nílé-ìwé lónìí ti jáde. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ṣófo kí ó tó dé. Ní Adamorobe, ní ilẹ̀ Gánà, abúlé kan tí adití pọ̀ sí láti ìran dé ìran, èdè ọwọ́ tiwọn ti wà kí ilé-ìwé tó wà. Nígbà tí àwọn ọmọ Adamorobe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Mampong, èdè ilé-ìwé ni wọ́n ń mú bọ̀ wálé, èdè àwọn bàbá wọn sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Haúsá ní tiwọn pẹ̀lú, Maganar Hannu ni wọn ń pè é.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ adití, bí ó bá rí ilé-ìwé lọ, èdè ọwọ́ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni yóò kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa kà. Yóò padà wálé bá ìyá tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. N kò rò pé ọrùn Foster ni ó yẹ kí a gbé ẹ̀bi yìí kọ́. Ohun tí ó ní ni ó fún ni, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó ń fún wọn ní nǹkan kan nígbà náà. Ọrùn tiwa ni iṣẹ́ yìí wà. Àwa tí a ń jiyàn lórí àmì ohùn, tí a ń ṣe ìwadìí lórí ẹ̀ka-èdè Oǹdó àti ti Ìjẹ̀bú, mélòó nínú wa ni ó ti jókòó ti adití ní abúlé láti kọ bí ó ti ń fi ọwọ́ pe iyán, bí ó ti ń pe ìyàwó, bí ó ti ń pe Ọlọ́run sílẹ̀?

Ikú rẹ̀ àti ìrántí rẹ̀

Ní ọdún 1970, Gallaudet tí ó ti kọ̀ ọ́ rí fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 1987, Foster wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ní Rùwáńdà, ó ń lọ sí Kẹ́ńyà. Ọkọ̀ náà já, ó sì kú níbẹ̀. Ẹni ọdún 62 ni. Ní ọdún 2004, Gallaudet fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn ńlá kan nínú ọgbà rẹ̀. Ìrántí tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìrántí tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá àwìn ní Accra.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, àbá méjì ni mo ní. Èkíní ni pé kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn olùkọ́ adití kí wọ́n wá kọ́ wa ní èdè ọwọ́, kí adití tí ó bá wá sí ìpàdé wa lè bá wa dá sí ọ̀rọ̀. Èkejì ni pé kí ẹnì kan nínú wa, ó kéré tán, fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn àmì ọwọ́ tí àwọn adití Yorùbá ń lò ní ilé àti ní oko kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n tó kú tán. A kò ní láti wọkọ̀ òfuurufú kí a tó ṣe é. Ọkọ̀ tí ń lọ sí abúlé ti tó.